ÌGBÀ GBÍGBÌN ÀTI ÌTÀNNÁ ÌRẸSÌ

(Àsọyé tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù wa ní Sábó, Yábàá)



 Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa wá bá mi pé èmi ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí kàn, mo mọ̀ pé ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà, tàbí lórí ìtàn àwọn ìlú wa, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ àlùfáà ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Nígbà tí mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni mo fẹ́ sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Àlùfáà, ṣé jíjẹ rẹ̀ ni tàbí gbígbìn rẹ̀?” Mo ní gbígbìn rẹ̀ ni, àní, ohun kan ṣoṣo nínú gbígbìn rẹ̀, èyí tí í ṣe ìgbà tí a gbìn ín, àti bí ìgbà náà pẹ̀lú ojú ọjọ́ ti ń pinnu bí yóò ṣe tanná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ oko kò kan ará ìlú. Kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí ni ọjà Sábó wà. Ẹ wo bí a ti ń to àpò ìrẹsì lé ara wọn níbẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìsìnkú àgbà tí a lè ṣe ní Èkó lónìí tí a kò ní dáná ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba sì ti fi ń wá ọ̀nà tí a ó fi máa jẹ èyí tí a gbìn fúnra wa. Ní 1985 a fi òfin de ìrẹsì òkè òkun. Ní 1995 a tú òfin náà ká. Ní oṣù kẹjọ 2019 a ti ẹnubodè ilẹ̀ wa pa. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 a ṣí ilé ẹ̀rọ ìrẹsì ńlá kan ní Ìmọ́tà, ní ìhà Ìkòròdú, tí a kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Òfin ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í hù, ẹ̀rọ kì í sì í tanná. Bí ìrẹsì kò bá tanná ní oko, kí ni ẹ̀rọ yóò rí lọ?

ÌTÌJÚ ARA MI

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ní oko kan ní ẹ̀bá àbàtà. Mo pinnu pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò gbin ìrẹsì, wọn yóò sì kórè rẹ̀ kí ìsinmi tó dé ní ìparí oṣù Agẹmọ, èyí tí í ṣe oṣù keje. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti ìhà Odò Ọya bọ̀ ni ó fún wa ní irúgbìn. Ó ní irúgbìn àtijọ́ ni, pé ó máa ń ga, pé ó sì dùn lẹ́nu. A gbìn ín ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, oṣù kẹta, bí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe olórí oko, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìrẹsì náà hù, ó sì dára ní wíwò. Oṣù Igbe kọjá, Ẹ̀bìbí kọjá, Okúdù kọjá. Ó ga títí ó fi dé àyà ọkùnrin, ewé rẹ̀ dú, ìdí rẹ̀ kún fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ṣírí kan ṣoṣo kò yọ. Nígbà tí oṣù Agẹmọ ń parí lọ, tí àwọn òbí sì ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ wọn, inú bí mi. Mo pe olórí oko síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sọ fún un pé ọ̀lẹ ni, pé kò ro oko bí ó ti yẹ, mo sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó fi dá mi lóhùn kò ju èyí lọ: “Ẹ má bínú sà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ro ó.” Èmi kò gbọ́. Mo ní kí ó máa lọ jókòó.

Nígbà tí a wọlé padà, tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà, oṣù kẹwàá, ìyá àgbà kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wá kí mi. Ó ní, “Bàbá Àlùfáà, ìrẹsì yín ti lóyún o.” Mo bá a lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó wá mú mi wọ inú oko tirẹ̀. Òun ti tọrọ èyí tí ó ṣẹ́kù nínú irúgbìn wa, ó sì ti gbìn ín ní oṣù Okúdù, oṣù kẹfà, nígbà tí tiwa ti pé oṣù mẹ́ta ní ilẹ̀. Tirẹ̀ náà ti lóyún. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni oko méjèèjì yọ ṣírí. Tirẹ̀ dúró ṣinṣin. Tiwa ti ga jù, afẹ́fẹ́ ti dà á délẹ̀, eku sì ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a kórè, tirẹ̀ ju tiwa lọ, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ti jẹ ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ju tirẹ̀ lọ. Ìyá náà ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kánjú. Ìrẹsì yìí mọ oṣù tirẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ọmọ náà kò ṣe ọ̀lẹ. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni n kò mọ ohun tí mo gbìn. Mo ránṣẹ́ pè é, mo sì sọ ẹ̀bi mi fún un níwájú àwọn tí mo ti bá a wí lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo gbé wá fún yín.

BÍ ÌRẸSÌ TI Ń LO ỌJỌ́ AYÉ RẸ̀

Ìgbà mẹ́ta ni ó wà nínú ayé ìrẹsì. Èkíní ni ìgbà ewé, nígbà tí ó ń hù, tí ó ń ga, tí ó sì ń yọ ọmọ ní ìdí. Èkejì ni ìgbà oyún, láti ọjọ́ tí ṣírí kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ nínú igi ìrẹsì, níbi tí ojú kò ti lè rí i, títí di ọjọ́ tí ó yọ síta tí ó sì tanná. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí ọmọ ń gbó. Nínú ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìgbà oyún máa ń tó ọjọ́ 35, ìgbà gbígbó sì máa ń tó ọjọ́ 30. Irú ìrẹsì yòówù kí ó jẹ́, méjì yìí kì í yí padà púpọ̀. Ìgbà ewé nìkan ni ó máa ń gùn tàbí kí ó kúrú. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ìrẹsì kan jẹ́ ti ọjọ́ 120, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò lo bí ọjọ́ 55 nínú ewé, 35 nínú oyún, àti 30 nínú gbígbó. Yóò sì tanná ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn tí a gbìn ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àádọ́rùn-ún ọjọ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà bá a.

Kí ni ó wá ń sọ fún ìrẹsì pé ìgbà ewé ti tó, kí ó lóyún? Níhìn-ín ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Irú kan wà tí ó ń ka ọjọ́ orí rẹ̀: bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, yóò lóyún, ìbáà jẹ́ oṣù kìn-ín-ní tàbí oṣù keje. Irú kejì ń wo oòrùn. Bí ó ti wù kí ó dàgbà tó, bí ojúmọmọ kò bá tíì kúrú tó bí ó ti ń fẹ́, kò ní lóyún. Ewé ni yóò máa hù. Èmi ń pe èkíní ní ìrẹsì amọjọ́, mo sì ń pe èkejì ní ìrẹsì amoṣù, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà nì ti sọ ọ́.

Àwọn aláwọ̀ funfun kò tètè mọ nǹkan yìí. Ní 1920 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, tẹ ìwé jáde lórí tábà kan tí a ń pè ní Maryland Mammoth. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, tí ojúmọmọ gùn, tábà yìí a máa ga fíofío láìtanná, gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì mi. Nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ inú ilé òkùnkùn ní ìrọ̀lẹ́, kí ojúmọmọ rẹ̀ lè kúrú, ó tanná. Báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ewéko ń wọn gígùn ọjọ́. Ní 1938 àwọn méjì mìíràn, Hamner àti Bonner, fi hàn pé òru gan-an ni irú ewéko bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n, kì í ṣe ọ̀sán. Bí a bá tan iná sí i ní àárín òru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìṣirò rẹ̀ a dàrú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbin ìrẹsì amoṣù sí ẹ̀gbẹ́ òpó iná títì kò gbọdọ̀ yà sí i bí ti abẹ́ iná bá ṣì wà ní ewé nígbà tí ìyókù ti tanná. Ní 2007 àwọn onímọ̀ ní Jápánì sì rí ìránṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ewé ni ó ń wo òru, nígbà tí òru bá sì gùn tó, ewé a rán èròjà kan tí a ń pè ní Hd3a gòkè lọ sí ọ̀mùnú ìrẹsì, pé kí ó dẹ́kun ewé, kí ó bẹ̀rẹ̀ oyún.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Àlùfáà, ilẹ̀ àwọn òyìnbó ni ọjọ́ ti ń gùn tí ó sì ń kúrú. Ní ilẹ̀ tiwa, ṣebí bákan náà ni ọ̀sán àti òru?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán tí ó gùn jù lọ ń lọ sí wákàtí 16 àti ààbọ̀, èyí tí ó kúrú jù kò sì tó 8. Ní Èkó níhìn-ín, ọ̀sán tí ó gùn jù, ní oṣù Okúdù, jẹ́ wákàtí 12 àti bí ààbọ̀. Èyí tí ó kúrú jù, ní oṣù Ọ̀pẹ, dín díẹ̀ ní wákàtí 12. Ìyàtọ̀ wọn kò pé wákàtí kan. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ìrẹsì rí i. Ní Màlákà, ní ilẹ̀ Màláyà, tí ó súnmọ́ àárín ayé jù wá lọ, ìyàtọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú 14 lọ. Síbẹ̀, ìrẹsì ibẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Siam 29, bí a bá gbìn ín ní oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ 329 ni ó ń lò kí ó tó tanná. Bí a bá gbìn ín ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 161. Ọ̀mọ̀wé Dore ni ó kọ èyí ní 1959. Ẹ wò ó, irúgbìn kan náà, ilẹ̀ kan náà. Oṣù tí a gbìn ín nìkan ni ó yàtọ̀.

ỌGBỌ́N TÍ Ó WÀ NÍNÚ IRÚGBÌN ÀTIJỌ́

Kí a má ṣe tìtorí èyí sọ pé ìrẹsì amoṣù kò dára. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ni àwọn ènìyàn apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń gbin ìrẹsì tiwọn ní ọ̀gbun Odò Ọya, kí ti Éṣíà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ọ̀gbun odò, omi a kún ní àkókò òjò, a sì fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ọdún kan lè tètè dé, ti ọdún mìíràn lè pẹ́. Àgbẹ̀ kan gbìn lónìí, èkejì gbìn ní oṣù tí ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì wọn gbọ́dọ̀ gbó nígbà tí omi bá fà, kì í ṣe kí ó tó fà. Ta ni yóò sọ fún un? Òjò kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ìgbà rẹ̀ ń yí padà. Oòrùn nìkan ni kì í purọ́. Nítorí náà, irúgbìn tí ó ń wo oòrùn ni ó yè, òun ni àwọn baba wọn sì pa mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkà bàbà ti rí ní òkè ọya. Ní 1968 onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Curtis fi hàn pé ọkà bàbà ìlú kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà a máa yọ orí ní ìgbà tí òjò ìlú náà bá ń parí. Bí a bá gbé ti ìlú kan lọ sí òmíràn, kò ní bá ìgbà mu mọ́.

Ẹ kíyè sí i: àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kà ni wọ́n ṣa irúgbìn wọ̀nyí jọ láti ìran dé ìran. Wọn kò ní agogo, wọ́n sì yan irúgbìn tí ó mọ ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìlú kan lè di àṣìṣe ní ìlú mìíràn. Láti ìgbà tí a ti dá ibùdó ìwádìí ìrẹsì sílẹ̀ ní Bàdẹ́gì ní 1953 ni a ti ń tú irúgbìn titun jáde, tí a ń fi orúkọ FARO àti nọ́ḿbà pè. FARO 11, tí a tún ń pè ní OS 6, ti ilẹ̀ Kóńgò wá, a sì tú u jáde ní 1966. Ìrẹsì orí ilẹ̀ ni. FARO 44 ti Taiwan wá. A tú u jáde ní 1992, kì í sì í ju ọjọ́ 120 lọ. FARO 55, èyí tí í ṣe NERICA 1, jẹ́ ọmọ ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà, a sì lè kórè rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Amọjọ́ ni àwọn titun wọ̀nyí púpọ̀ jù lọ: ọjọ́ orí wọn ni wọ́n ń kà, wọn kì í dúró de oòrùn. Ní ti èyí tí a ń pè ní ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Ọ̀fàdà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, kí ẹ mọ̀ pé irúgbìn tí ó wà lábẹ́ orúkọ náà ju ẹyọ kan lọ. Bákan náà, ẹni tí ó bá ra irúgbìn ní Ìgbẹ́mọ, ní ilẹ̀ Èkìtì, kò gbọdọ̀ rò pé orúkọ ìlú ti tó. Ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á: “Amọjọ́ ni tàbí amoṣù? Ọjọ́ mélòó ni ó ń lò?”

OJÚ ỌJỌ́ NÍ ÀKÓKÒ ÌTÀNNÁ

Ẹni tí ó bá gbin amọjọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ òjò àti ooru. Amoṣù ń yan ìgbà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Amọjọ́ kò lè yàn, àgbẹ̀ ni yóò yàn fún un. Bí àgbẹ̀ bá yàn án ní àyàngbàgbé, yóò tanná sínú ewu.

Òdòdó ìrẹsì kéré, ojú kì í sì í tètè rí i. Ní òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni ó máa ń ṣí, kì í sì í ju wákàtí kan tàbí méjì lọ tí ó fi máa ń pa dé. Láàrín ìgbà kúkúrú yìí ni ìyẹ̀fun akọ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ara abo. Bí ó bá bọ́ síbẹ̀, ọmọ dé. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, èèpo òfo ni. Ewu mẹ́rin sì ni ó dojú kọ ọ́ ní àkókò náà.

Èkíní ni ọ̀dá. Kò sí ìgbà tí ìrẹsì ń fẹ́ omi tó ìgbà oyún àti ìtànná. Ọ̀dá tí ìrẹsì kékeré lè fara dà, bí ó bá bá a ní ìtànná, ṣírí rẹ̀ kò ní yọ tán, ọ̀pọ̀ òdòdó rẹ̀ yóò sì gbẹ.

Èkejì ni ooru. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 35 ti Celsius lọ ní wákàtí tí òdòdó ṣí, ìyẹ̀fun akọ yóò kú. Ooru òru pẹ̀lú ń ṣe ibi: ní 2004 àwọn onímọ̀ ibùdó ìrẹsì ti àgbáyé ní Fìlípínì sọ pé, nínú oko wọn láti 1992 sí 2003, bí òru bá gbóná sí i ní ìwọ̀n kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìkórè a máa fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá dínkù. Gbogbo wa ni a sì ń rí i pé òru ń gbóná sí i.

Ẹ̀kẹta ni òtútù. Ní Èkó, kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ní òkè ọya ní ìgbà ọyẹ́, bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 20 nígbà tí ìrẹsì wà nínú oyún, ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ní dára. Níhìn-ín, gbígbẹ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Ẹ̀kẹrin ni òjò líle tí ó bá rọ̀ ní wákàtí tí òdòdó ṣí, tí ó ń fọ ìyẹ̀fun dànù.

Ohun tí ó burú nínú gbogbo èyí ni pé àgbẹ̀ kì í mọ̀ lọ́jọ́ náà. Oko yóò dára ní wíwò, ṣírí yóò nàró. Ọjọ́ ìkórè ni yóò rí i pé ṣírí kò tẹrí ba. Ìrẹsì tí ó lọ́mọ a máa tẹrí ba. Èyí tí ó gbé orí sókè, ìyàngbò ni.

KÍ A KA ỌJỌ́ SẸ́YÌN

Kí ni kí a wá ṣe? Kí a ka ọjọ́ sẹ́yìn. Kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìgbà wo ni mo fẹ́ kí ìrẹsì mi tanná?” Lẹ́yìn náà ni kí ó béèrè pé, “Ìgbà wo ni n ó gbìn ín?”

Ní ìhà tiwa yìí, òjò méjì ni a ní. Ti ìṣáájú bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, ó sì pọ̀ jù ní Okúdù. Láti ìparí Agẹmọ wọ oṣù Ògún, oṣù kẹjọ, òjò a sinmi. Ti ìkẹyìn, àrọ̀kúrò, a tún rọ̀ ní oṣù Owewe àti Ọ̀wàrà, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nígbà tí Bélú bá dé, òjò ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ìrẹsì orí ilẹ̀ ti ọjọ́ 120, tí ó ń tanná ní àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Bí a bá gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe, oṣù kẹrin, yóò tanná ní ìparí Okúdù, nígbà tí omi pọ̀. Yóò sì gbó ní ìparí Agẹmọ, nígbà tí òjò ń sinmi, tí a lè sá a gbẹ.

Bí a bá gbìn ín ní àárín oṣù Ẹ̀bìbí, oṣù karùn-ún, yóò tanná ní àárín oṣù Ògún, inú ìsinmi òjò gan-an. Bí ìsinmi náà bá gùn ní ọdún yẹn, ó di èèpo òfo.

Bí a bá gbìn ín ní àárín Okúdù, yóò tanná ní àárín Owewe, nígbà tí àrọ̀kúrò ń rọ̀. Yóò sì gbó ní Ọ̀wàrà.

Bí a bá gbìn ín ní àárín Ògún, yóò tanná ní àárín Bélú, nígbà tí òjò ti dágbére. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbin ewé fún màlúù.

Ẹ wò ó pé ẹni tí ó gbìn ní Igbe àti ẹni tí ó gbìn ní Okúdù lè yọ̀, nígbà tí ẹni tí ó wà láàrín wọn ń sunkún. Kì í ṣe pé ó pẹ́ jù, kì í sì í ṣe pé ó yá jù. Bí irúgbìn bá sì jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọjọ́, tí ó ń tanná ní nǹkan bí àádọ́rin ọjọ́, ìṣirò náà yóò yí padà: ẹni tí ó gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ Agẹmọ ṣì lè rí ìtànná ní ìbẹ̀rẹ̀ Owewe. Òjò kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ọdún méjì kò sì bára mu. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a máa gbọ́ ohun tí Àjọ Ojú Ọjọ́ ilẹ̀ wa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lórí ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí.

OHUN TÍ Ó KAN Ẹ̀YIN OLÓYÈ

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wí nínú ọkàn wọn pé, “Kí ni a ó ti ṣe sí i? Àwa kì í ṣe àgbẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mẹ́ta.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ẹ̀ga kì í jẹ oko tí ó wà láàrín ọgọ́rùn-ún oko tán; ṣùgbọ́n oko kan ṣoṣo tí ó gbó nígbà tí ìyókù wà ní ewé, gbogbo ẹ̀ga àdúgbò ni yóò bọ́ lé e. Nítorí náà, ìrẹsì abúlé kan gbọ́dọ̀ yọ ṣírí pọ̀. Ní ayé àtijọ́, amoṣù ń ṣe èyí fún wọn láìsí àdéhùn. Bí ẹnìkan tilẹ̀ gbìn ní oṣù méjì ṣáájú ẹnìkejì, ọjọ́ kan náà ni wọn yóò yọ. Nísinsìnyí tí amọjọ́ ti gba oko, àdéhùn ni ó kù. Ta ni yóò pe àgbẹ̀ jọ láti dá ọjọ́ gbígbìn, bí kò ṣe baálẹ̀ àti olóyè? Àwọn baba yín ni wọ́n ń kéde ọjọ́ àjẹṣẹ́ iṣu titun. Kí ẹ̀yin náà máa kéde ọjọ́ gbígbìn ìrẹsì.

Èkejì, orúkọ irúgbìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irúgbìn fún àwọn ènìyàn yín ní ilé, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó, ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní orúkọ. Ẹni tí ó bá fi amoṣù fún àgbẹ̀ tí ó yá owó tí ó gbọ́dọ̀ san ní oṣù kẹjọ ti fi gbèsè fún un.

Ẹ̀kẹta, àkọsílẹ̀. Èyí kan àwa olùkọ́. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ní oko máa kọ ohun mẹ́rin sínú ìwé: orúkọ irúgbìn, ọjọ́ tí a gbìn ín, ọjọ́ tí ṣírí àkọ́kọ́ yọ, àti ọjọ́ ìkórè. Kò gba owó. Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì nìkan ni. Bí a bá ṣe é fún ọdún márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, a ó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni láti ìta kò lè sọ fún wa lórí ilẹ̀ tiwa. Ká ní mo ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kì bá tí dójú ti ọmọ ọlọ́mọ.

Alága wa, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní èdè wa, a kì í sọ pé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò tíì là jẹ́ ẹni tí kò wúlò. A máa ń sọ pé ìgbà rẹ̀ kò tíì tó. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ òbí lórí ọmọ wọn, n kò sì rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo dúró níwájú oko ìrẹsì. Ọmọ tí mo bá wí nì ti di olùkọ́ báyìí. Ní ọdún tí ó kọjá, ó rán àpò ìrẹsì kékeré kan sí mi láti oko ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó so ìwé pélébé kan mọ́ ọn, ohun mẹ́rin ni ó sì kọ síbẹ̀: orúkọ irúgbìn, ọjọ́ gbígbìn, ọjọ́ ṣírí, ọjọ́ ìkórè.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kí Ọlọ́run fún wa ní òjò ní àsìkò rẹ̀, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti gbìn ní àsìkò tiwa.